Ọ̀rọ̀ Lórí Sinimá Tí A Wò: Bí A Ṣe Ń Sọ Èrò Ọkàn Ẹni ní Yorùbá-Nàgó àti Bí A Ṣe Lè Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá jókòó síwájú àwòrán kan náà, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dọ́gba nígbà tí wọ́n bá dìde. Ọ̀kan yóò ní fíìmù náà dára. Èkejì yóò ní kò dára tó. Ọ̀kan yóò ní ọba ni ó jẹ̀bi. Èkejì yóò ní àwọn ìjòyè ni. Ibẹ̀ ni àfojúbà parí sí, ibẹ̀ náà ni èrò ọkàn ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́ ní Kétu, ní Sábẹ, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ilẹ̀ Ifẹ̀ ní Togo. A ń gbọ́ ọ ní ìsọ̀ aránṣọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń dirun, àti lábẹ́ igi tí àwọn oní-alùpùpù ti ń dúró de èrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ọ̀rọ̀ ìtura lásán. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fi han ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ẹ̀yin olùwádìí ni pé ọ̀rọ̀ ìtura yìí ní ìlànà nínú gírámà, ó ní ìwà ọmọlúàbí nínú, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbàlagbà yóò kọ sílẹ̀ tí yóò jẹ́ tirẹ̀ ní ti òótọ́.

1. Ohun tí a ń gbọ́ àti ohun tí a ń kà

Fíìmù tí a ń sọ èdè Yorùbá nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní 1976 ni «Ajani Ogun» jáde, tí Ola Balogun darí rẹ̀. Ó wà lára àwọn fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 1979 ni Hubert Ogunde, ẹni tí ó ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé «Aiye» jáde. Nígbà náà, ènìyàn ní láti lọ sí gbọ̀ngàn kí ó tó lè wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde, pàápàá láti àwọn ọdún 1990, fíìmù wọ inú ilé; ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní sinimá àgbéléwò. Lónìí, ẹni tí ó ní fóònù lè wò ó ní oko.

Ààlà ilẹ̀ kò dá a dúró. Ní 2006, Tunde Kelani gbé «Abeni» jáde, ìtàn ìfẹ́ láàrin ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ilé wọn kò bára mu, tí ó sì ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin Èkó àti Kútọ́nù. Yorùbá àti Faransé ni a gbọ́ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ wọn ní ìgboro wa.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan. Fún wákàtí méjì gbáko, etí òǹwòran ń gbọ́ Yorùbá. Kí ni ojú rẹ̀ ń kà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àkọlé fíìmù nìkan ni a kọ ní èdè Yorùbá, a kì í sì sábà fi àmì ohùn sí i. Ọ̀rọ̀ tí ń kọjá ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ti Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwé Faransé kò rí ti rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ìwé ní èdè abínibí kò rí ti rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka Yorùbá nípa fíìmù tí ó wò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́.

2. Ìtàn, ìdájọ́ àti ìdí

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nípa fíìmù palẹ̀, a óò rí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: ìtàn, ìdájọ́ àti ìdí. Ẹ jẹ́ kí a fi «Saworoide» ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Tunde Kelani gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàrin ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ìlù kan tí a fi ṣaworo idẹ sí ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú náà. Ọba tuntun kọ ètùtù tí yóò so ó mọ́ májẹ̀mú yìí. Ó fẹ́ oyè, kò fẹ́ ìdè tí ó wà nídìí oyè. Lẹ́yìn náà ni ológun kan fi ipá gba ìtẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n lu ìlù náà nígbà tí adé wà lórí rẹ̀ ni ó kú.

Àwọn gbólóhùn mẹ́ta yìí, àwa ni a ṣe wọ́n fún àlàyé:

(a) Ìtàn: Ọba kọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.
(b) Ìdájọ́: Fíìmù náà dára gan-an.
(d) Ìdí: Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò pariwo pé ọba burú, ó jẹ́ kí a fi ojú ara wa rí i.

Nínú ìtàn, ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé ara wọn láìní àmì kankan: kọ̀, bẹ̀, gbà. Nínú ìdájọ́ àti ìdí ni àwọn wúnrẹ̀n gírámà tí ó ṣòro ti ń yọjú. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni «ì bá», tí a fi ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀: «Bí ọba náà bá ti gbọ́ràn ni, ìlú kì bá tí dàrú», «Òṣèré yẹn ì bá rọra sọ ọ̀rọ̀ náà». Ẹni tí ó sọ èyí ti kúrò ní òǹwòran lásán; ó ti gbé fíìmù mìíràn kalẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ń fi méjèèjì wé ara wọn.

Olùkọ́ tí ó bá ní, «Ẹ sọ fún wa nípa fíìmù tí ẹ wò», ìtàn nìkan ni yóò gbọ́, ìtàn náà yóò sì gùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ béèrè dípò rẹ̀ pé, «Kí ni ó wọ̀ yín lọ́kàn jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?» Ìbéèrè yìí ni ó ń mú ìdájọ́ àti ìdí jáde.

3. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìdájọ́

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń dájọ́ fíìmù kò pọ̀, wọ́n kúrú, wọ́n sì rọrùn láti kọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò kéré. Ẹ wo «dùn»:

Fíìmù náà dùn.
Fíìmù náà dùn mọ́ mi.
Fíìmù náà dùn mí.

Nínú gbólóhùn kìíní, inú fíìmù ni adùn wà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò dá ara rẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹni pé gbogbo ayé ni yóò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú èkejì, ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni adùn wà, ẹlòmíràn sì lè má gbà. Ẹ̀kẹta yàtọ̀ pátápátá: fíìmù náà ba ọkàn mi jẹ́, ó ṣe mí ní ọgbẹ́ inú. Ọ̀rọ̀ kékeré «mọ́» ni ó dúró láàrin ayọ̀ àti ìbànújẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé rẹ̀ ti yí ìdájọ́ rẹ̀ po, òun tìkára rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kígbe pé, «Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀!» Kò sí àtúnṣe tí ó ń wọni létí tó èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn. «Ìlù náà dún» kì í ṣe «Ìlù náà dùn». Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn, ti èkejì jẹ́ ìdájọ́. Fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa «Saworoide», ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé ọjọ́ tí ìlù náà dún ni ológun ṣubú.

Ní àfikún, Yorùbá kì í sábà sọ èrò láìdárúkọ ibi tí ó ti kan ara. «Orí mi wú», «àyà mi já», «ara mi yá gágá», «omi bọ́ lójú mi», «inú mi bàjẹ́»: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí fíìmù ti bá òǹwòran. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé fíìmù kò dára, ọ̀nà púpọ̀ wà fún un tí kò fi ní bú ẹni tí ó ṣe é: «Kò tẹ́ mi lọ́rùn», «Ó sú mi nígbà tí ó dé àárín», «Ó kù díẹ̀ kí ó dára». A rọ̀ yín kí ẹ kó irú wọn jọ ní ẹ̀ka-èdè tiyín, kí ẹ sì kọ wọ́n sí ara ògiri kíláàsì.

4. Gbólóhùn alátẹnumọ́: ibi tí àríyànjiyàn wà

Ta ni ó pa ológun inú «Saworoide»? Ẹnikẹ́ni tí ó wò ó mọ bí ó ṣe kú. Síbẹ̀, a lè gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí lẹ́nu ènìyàn mẹ́ta:

Ìlù ni ó pa á.
Ojúkòkòrò rẹ̀ ni ó pa á.
Àwọn ará ìlú ni wọ́n pa á.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ohun kan náà. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú «ni». Gbólóhùn alátẹnumọ́ yìí ni ẹ̀rọ àríyànjiyàn ní èdè wa: ẹni tí ó sọ ọ́ ń sọ pé ohun yìí ni, kì í ṣe òmíràn. Nítorí náà ni ìdáhùn fi ń tètè wá: «Ìlù kọ́, ìwà rẹ̀ ni.» Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ìlò «ni» àti «kọ́» kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ jìnnà. Kí ó kàn béèrè lọ́wọ́ kíláàsì rẹ̀ pé ta ni ó jẹ̀bi nínú fíìmù tí wọ́n wò kẹ́yìn.

5. Bí a ṣe ń tako ẹni tí ó jù wá lọ

Nínú kíláàsì àgbàlagbà, ìyá arúgbó àti ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún lè jókòó lórí àga kan náà. Ọmọbìnrin náà kò lè wí fún ìyá pé «Irọ́ ni». Bí ó ti yẹ kí ó sọ ọ́ nìyí:

«Ẹ má bínú, màmá. Ọ̀rọ̀ yín kò lòdì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó jọ pé ìyàwó yẹn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá èmi ni n kò gbọ́ ọ dáadáa.»

«Lójú tèmi», «bí mo ṣe rí i sí», «ó jọ pé», «ó dà bí ẹni pé», «bóyá èmi ni»: àwọn wọ̀nyí kì í ṣe iyèméjì. Ọmọbìnrin náà dá ohun tí ó ń sọ lójú; ó kàn ń fi ọ̀wọ̀ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Àṣìṣe tí ó rọrùn fún olùkọ́ láti ṣe ni pé, nígbà tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀ lórí pátákó, yóò gé gbogbo ìwọ̀nyí kúrò kí gbólóhùn lè kúrú. Ohun tí yóò ṣẹ́kù ni «Ìyàwó yẹn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀». Ó kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọmọlúàbí di aláfojúdi lórí pátákó, ọmọbìnrin náà kò sì ní fẹ́ kà á sókè níwájú màmá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ̀ wọ inú ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

6. Àkọlé fíìmù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àmì ohùn

A ti sọ pé àkọlé ni Yorùbá kan ṣoṣo tí a sábà ń rí kà nínú fíìmù. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣòfò. Ní Nàìjíríà, àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ti sọ pé «ayé» ni kí a máa kọ, kì í ṣe «aiye»; «ènìyàn», kì í ṣe «enia». Síbẹ̀, àwọn fíìmù Ogunde tí ó jáde lẹ́yìn ọdún náà ṣì ń lo àkọtọ́ àtijọ́: «Aiye», «Jaiyesimi», «Aropin N'Tenia» (1982). Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọlé wọ̀nyí kí wọ́n tún wọn kọ: Ayé, Jáyésinmi, Àròpin ni tènìyàn. Láìpẹ́, wọn yóò rí i pé ẹnu àwọn ni ó ń tọ́ ọwọ́ àwọn sọ́nà.

«Saworoide» yóò di «Ṣaworoidẹ». Àmì abẹ́ lẹ́tà ni a fi kún un. Kò gba àmì ohùn kankan, nítorí pé ohùn àárín ni gbogbo rẹ̀. Ti «Anikulapo», tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2022, tún fa ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn ahunṣọ kan tí ó dé Ọ̀yọ́ ni, tí ó kú, tí ó jí, tí ó sì wá ní agbára láti jí òkú títí ìgbéraga fi ba tirẹ̀ jẹ́. Níbo ni ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ fi ikú sí? Bí a bá kọ «Aníkúlápó», inú apó ni, níbi tí ọdẹ ń kó ọfà sí. Bí a bá kọ «Aníkúlápò», inú àpò ni. Láìsí àmì ohùn, ojú kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ní ilẹ̀ Benin, ẹ má gbàgbé láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1975 ń lo ɛ àti ɔ níbi tí ìwé Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Ìró kan náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí lè ka ìwé ìhà méjèèjì.

7. Ẹ̀ka-èdè ta ni a óò kọ?

Èdè tí a ń gbọ́ jù nínú àwọn fíìmù yìí ni Yorùbá àjùmọ̀lò ti Nàìjíríà. Ó ti ṣe wá ní oore: ọmọ Sábẹ àti ọmọ Èkó lè rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú oore yìí. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ èdè àjùmọ̀lò lẹ́nu ọba, lẹ́nu babaláwo àti lẹ́nu akọni ní alaalẹ́, tí kì í sì í gbọ́ ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ níbẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òkè ọ̀hún ni Yorùbá wà, pé ohun tí òun ń sọ nílé kò tọ́ sí ìwé. Bí ó bá wá dé kíláàsì, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ó sọ jẹ́ ti ẹnu ilé rẹ̀, tí olùkọ́ sì tún un ṣe kí ó tó kọ ọ́, a ti fi ìdí èrò yẹn múlẹ̀ fún un.

Nítorí náà ni a fi dá a lábàá pé kí a pín iṣẹ́ láàrin èdè méjèèjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sọ ohun tí ọba inú fíìmù wí, kí a kọ ọ́ bí ọba ṣe wí i. Bí ó bá ń sọ èrò tirẹ̀, kí a kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ìyísódì rẹ̀, pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá ti lè kà á láìkọsẹ̀, a lè gbé ti àjùmọ̀lò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó rí ibi tí wọ́n ti yà.

Ẹ̀yin olùwádìí, iṣẹ́ wà fún yín níhìn-ín. Ẹ fetí sí i bóyá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ máa ń pààrọ̀ ẹ̀ka-èdè nígbà tí ó bá kúrò nínú ìtàn bọ́ sínú ìdájọ́, kí ẹ sì ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí ó ti pààrọ̀.

8. Ìlànà fún ìjókòó mẹ́rin

Ìjókòó kìíní: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan fíìmù kan tí ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta ti wò láàrin wọn. Kí wọ́n sọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ gbà á sórí fóònù bí wọ́n bá yọ̀ǹda. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe.

Ìjókòó kejì: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yan gbólóhùn ìdájọ́ kan ṣoṣo nínú ohun tí ó sọ. Kí a kọ ọ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìjókòó kẹta: kí ó fi ìdí kan kún un, kí gbogbo kíláàsì sì bá a fi àmì ohùn sí i.

Ìjókòó kẹrin: kí a kà á sókè. Kí ẹni tí kò bá gbà kọ ìdáhùn rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, lórí ìwé kan náà.

Irú ohun tí a ń retí nìyí, tí àwa ṣe fún àpẹẹrẹ:

«Fíìmù náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ikú ológun yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ìlù ni ó bá a jà. Lójú tèmi, ìlú tí ó bá fi ìjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlù yóò tún rí ológun mìíràn.»

Kí ẹlòmíràn wá kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé:

«Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ó lu ìlù náà, ṣé kì í ṣe ará ìlú ni?»

Kí olùkọ́ má ṣe dá ẹjọ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti sọ ẹni tí ó jàre. Ènìyàn méjì ti fi ìwé bá ara wọn jiyàn ní èdè tí ìyá wọn fi tọ́ wọn, wọ́n sì ti bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Kí ó tọ́jú ìwé náà, kí ó kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i, kí ó má kọ orúkọ ẹni tí kò bá fẹ́. Nígbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pé ogún tàbí ọgbọ̀n, ìwé kíkà ti wà nílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.